Agolo Tí Mo Gbé Lọ Síléèwé

Wọ́n ní kí n má kọ ọ́. Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ nìyẹn.

Tìṣà tó kọ́ wa ní ìṣirò ní sẹ́kọ́ńdìrì fẹ̀yìn tì lọ́dún yìí. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì nígbà náà ní àwọn máa tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan fún un, kí oníkálùkù kọ ohun tó rántí nípa rẹ̀ síbẹ̀. A ní ẹgbẹ́ kan lórí fóònù. Àwọn òṣìṣẹ́ báńkì wà níbẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, èmi tí mò ń ta edé ní ọjà Oliha ní Bìní náà sì wà níbẹ̀. Alága wa, tó jẹ́ pé abẹ́ apá mi ló ti máa ń jí ìdáhùn wò, kọ̀wé sí èmi nìkan. Ó ní ẹni tó bá gba ìwé mẹ́wàá ní iléèwé náà nìkan ló lè kọ nǹkan sínú ìwé yẹn. Ó ní kí n má bínú. Ó ní àmọ́ wọ́n máa nílò edé fún ọbẹ̀ ọjọ́ náà.

Mo rẹ́rìn-ín débi pé oníbàárà tó dúró níwájú mi béèrè bóyá mo ti rí ọkọ tuntun ni.

Mo ka ohun tí àwọn tó gba ìwé mẹ́wàá kọ. Bákan náà ni gbogbo rẹ̀. "Ìyá lẹ jẹ́ fún wa." "Ìfẹ́ lẹ fi tọ́ wa." "A ò lè gbàgbé ẹ̀rín yín." Ẹ̀rín wo? Mo jókòó sí kíláàsì obìnrin yẹn fún ọdún mẹ́ta, mi ò rí eyín rẹ̀. Tìṣà náà le. Ó le tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tìṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń tọ́ gègé ìkọ̀wé wọn bí ó bá wọ yàrá wọn. Ní báyìí tó ti fẹ̀yìn tì, wọ́n ń da ṣúgà lé e lórí kí wọ́n lè rí i gbé mì. Èmi ò ní da ṣúgà lé ẹnikẹ́ni lórí. Bó ṣe rí ni mo fẹ́ kọ, ní Yorùbá tí ṣọ́ọ̀ṣì wa fi kọ́ mi ní ìwé kíkà, nítorí Gẹ̀ẹ́sì tèmi kò ju ti ẹnu ọjà lọ.

Orúnkún ló kọ́kọ́ dá èmi àti òun pọ̀.

Ikpoba Hill là ń gbé, ìyá mi, èmi, àti àbúrò mi méjì. Iléèwé wà ní òdìkejì odò, nínú ìlú. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, mo pàdé obìnrin kúkurú kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé rúlà onígi sí igbá àyà bí ẹni gbé ọmọ. Mo fi orúnkún méjèèjì lélẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀ mà. Ó dúró. Ó wò mí láti irun dé bàtà.

"Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, mà."

"Ta ló ní kí o kúnlẹ̀?"

"Kò sẹ́ni, mà. Mò ń kí yín ni."

"Níbí, ẹni tó bá ṣẹ̀ ló ń kúnlẹ̀. Ṣé o ti ṣẹ̀?"

"Rárá, mà."

"Dìde nígbà náà. Gbé ojú rẹ sókè, kí o kí mi bí ẹni tí kò jí nǹkan."

Gẹ̀ẹ́sì àti Pijin ló fi sọ gbogbo èyí o. Ọmọ Ẹ̀dó ni, kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mò ń yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún yín.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo gbé ojú mi sókè, mo dúró ṣánṣán, mo kí ìyá mi. Ohun tí ọwọ́ ìyá mi ṣe fún ẹ̀yìn ọrùn mi, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ní òfin méjì, afárá odò Ikpoba ló sì pààlà wọn. Tí bọ́ọ̀sì bá ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, tó gun afárá, orúnkún mi á gan. Tí a bá ń padà bọ̀, á tún rọ̀.

Àmọ́ èmi náà kò pẹ́ tí mo fi ṣẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ mi ò sì ju ọ̀kan lọ: mi kì í tètè dé. Kí n tó wọ aṣọ iléèwé láàárọ̀, mo gbọ́dọ̀ bá ìyá mi gbé edé dé Oliha, kí n bá a tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí n tó sáré. Ẹni tó bá pẹ́, ìyà rẹ̀ ni kó kúnlẹ̀ níwájú kíláàsì títí ẹ̀kọ́ á fi parí. Àwọn yòókù á máa yí ìdí, wọ́n á máa kérora. Èmi á kúnlẹ̀ bí ẹni tó wá kí ìyá ọkọ. Orúnkún tó ti ń kí gbogbo ìyá ìjọ láti ọmọ ọdún méjì, kí ni sìmẹ́ńtì fẹ́ fi ṣe? Ní ọjọ́ kan mo sùn lọ lórí ìkúnlẹ̀, mo sì ń hanrun.

Rúlà kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ìwọ. Dìde. Orúnkún rẹ ò gbọ́ ìyà. Máa bọ̀ níbí."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì lé mi lọ́wọ́. Bí ìyà mi ṣe yàtọ̀ sí ti gbogbo ayé nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bá pẹ́, ìṣirò mẹ́ta lójú bọ́ọ̀dù, níwájú ogójì ènìyàn tí ń fi mí ṣe ẹ̀rín, mi ò sì ní jókòó títí mo fi máa gbà á. Ojoojúmọ́ ni mò ń pẹ́. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta.

Kò bi mí léèrè ìdí tí mo fi ń pẹ́. Imú ló fi mọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí mo kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ sí ìdí bọ́ọ̀dù, ó ní, "Edé ni ò ń rùn yìí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ta ló gbé e?"

"Èmi ni, mà. Láti Ikpoba Hill dé Oliha."

"Báàgì mélòó?"

"Méjì, mà."

"Ìṣirò mẹ́rin lónìí."

Ẹ kò rí ìyá aláàánú tí wọ́n ń kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, nígbà tí mo bá parí ìṣirò, á na rúlà sí igun tábìlì rẹ̀, á ní, "Kó ìdọ̀tí yẹn kúrò níbẹ̀ fún mi." Búrẹ́dì ni. Búrẹ́dì pẹ̀lú ẹ̀pà sísun, inú bébà. Mo kó ìdọ̀tí orí tábìlì yẹn fún ọdún méjì gbáko. Mi ò dúpẹ́ rí. Ta ló ń dúpẹ́ fún ìdọ̀tí?

Ní kíláàsì kẹta ni ọ̀rọ̀ agolo dé. Ó ń kọ́ wa nípa bí nǹkan ṣe ń gba inú nǹkan, ó wá ní kí oníkálùkù mú ohun ìwọ̀n kan wá látilé. Ẹnì kan mú ife wá, ẹnì kan mú korobá, ẹnì kan mú ìgò oògùn ikọ́. Èmi mú agolo ìyá mi, agolo tòmátò ńlá tó fi ń wọn edé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé agolo yìí fún ẹni tí kò tajà rí. Tí a bá ra agolo, a máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀, a ó fi ọmọrí odó gbá ìdí rẹ̀ wọnú. Tí ẹ bá wò ó láti òkè, agolo ni. Tí ẹ bá wo abẹ́ rẹ̀, àwo ni. Gbogbo Oliha ló ń ṣe é, ọjà Uselu náà ń ṣe é. Láti kékeré ni mo ti ń rí i bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé bó ṣe ń ti ilé iṣẹ́ wá nìyẹn. Òmùgọ̀ wo ló máa mọ̀ pé ìdí agolo ìyá òun wọnú, tó máa gbé e lọ sí kíláàsì ìṣirò?

Tìṣà ní agolo tirẹ̀, irú kan náà. Ó pọn omi kún tirẹ̀ dé etí, ó ń dà á sínú tèmi. Tèmi kún. Omi ṣì wà nínú tirẹ̀. Ó ń dà á lọ, nítorí kò gbàgbọ́, omi sì ṣàn gba orí tábìlì wọ inú bàtà rẹ̀. Ó gbé agolo mi sókè, ó dojú rẹ̀ dé.

"Kí ló ṣe ìdí èyí?"

"Bó ṣe wà nìyẹn, mà."

Ẹnì kan láti ẹ̀yìn wá ní, "Olè ni màmá ẹ." Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

Mo yíjú sí wọn. Mo ní, "Màmá mi kì í ṣe olè. Kí ẹni tí agolo ìyá rẹ̀ tẹ́jú dìde, kí n rí i."

Ó kéré tán, ènìyàn márùn-ún tí ìyá wọn ń tajà ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí wo òrùlé. Kò sẹ́ni tó dìde.

Tìṣà ò gbè mí, kò gbè wọ́n. Ó ní, "Èmi ò pe ẹnikẹ́ni ní olè. Mo ní ó dín. Mélòó ló fi dín? Wọ̀n ọ́n."

"Mi ò wọ̀n ọ́n, mà."

"Kí lo wí?"

"Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi wọn ìyá mi níwájú wọn."

"Agolo á wà lọ́dọ̀ mi títí o fi máa wọ̀n ọ́n."

"Ẹ máa lò ó, mà."

Ẹnu líle ni mo fi sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni agolo fi wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, tí ìyá mi ń yá agolo aládùúgbò, tí mò ń pa irọ́ oríṣiríṣi. Ní ọjọ́ kẹrin, irọ́ tán. Mo jẹ́wọ́. Ìyá mi ò lù mí. Ó tú gèlè, ó tún un wé kó le dáadáa, ó gbé ọ̀rá edé sábẹ́ apá, ó ní ó yá, mú mi dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ rí ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì yẹn. Ó ti wá jà, ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó ní ẹ̀kọ́ ni, kò lè jà kó má kọ́kọ́ kí ènìyàn. Ó fi orúnkún kan balẹ̀, ó fi Pijin ọjà sọ̀rọ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ kú wàhálà àwọn ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní agolo mi kí n tó sọ ohun tí kò ní dùn létí yín."

Fún ìgbà àkọ́kọ́, mo rí i tí ara tìṣà ò balẹ̀. "Màdáàmù, ẹ dìde."

"Mi ò dìde. Ẹ kọ́kọ́ fún mi ní agolo."

"Agolo yín dín, mà."

"Ó dín lóòótọ́. Ta ló mú kó dín? Ṣé ẹ̀yin náà kì í lọ sọ́jà? Kò sí ẹnì kan ní Bìní yìí tó ra edé, tó sanwó, tó lọ. Wọ́n á na ọ̀rá sílẹ̀, wọ́n á ní jàrá ńkọ́, ènì ńkọ́. Mo yọ ọ́ nísàlẹ̀, mo dá a padà lókè. Ibo ni olè wà níbẹ̀?"

Mo rò pé tìṣà máa lé e jáde. Kò lé e. Ó ronú díẹ̀, ó gbé agolo náà sọ̀ kalẹ̀, ó gbé tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa. Ẹ ta agolo kan fún mi. Ẹ fi ènì sí i bí ẹ ṣe máa ń ṣe."

Ìyá mi dìde. Ó wọn edé, ó mú kó ga bí òkè, ó bu ènì lé e, ó tún bu ènì lórí ènì. Tìṣà da gbogbo rẹ̀ sínú agolo tirẹ̀ tó tẹ́jú. Ó kún. Ó tiẹ̀ dà sílẹ̀. Ìyá mi kọjú sí kíláàsì, ó ṣí ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ fún wọn. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ pàtẹ́wọ́.

Tìṣà wá na rúlà sí ẹ̀yìn. "Ìwọ tí o sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí. Wá ra tìrẹ."

Ẹni tó pe ìyá mi ní olè jáde wá, ó tẹ orí mọ́lẹ̀. Ojú kan náà tí ìyá mi fi ń wo oníbàárà tí kò mọ̀ rí ló fi wò ó. Ó wọn edé, ó gbá ojú rẹ̀ tẹ́jú, ó mú ẹyọ edé mẹ́rin, ó jù ú lé e. Tìṣà da ìyẹn náà sínú agolo tirẹ̀. Kò dé etí. Kò sún mọ́ etí rárá.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Tìṣà ní, "Màdáàmù, ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn ló ń rí tirẹ̀ gbà. Ẹni tí ẹ ò mọ̀ ló ń san án fún un."

Ìyá mi wo agolo méjèèjì. Ó wo tìṣà. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Obìnrin yìí, ọjà ló pàdánù yín." Ó gbé agolo rẹ̀, ó fi orúnkún kan balẹ̀, ó kí i pé ó dàbọ̀. Kó tó jáde, rúlà ti nà sí mi. "Ìwọ, ìṣirò rẹ ṣì wà nílẹ̀. Mélòó ló fi dín?"

Mo gba agolo lọ́wọ́ ìyá mi, mo wọ̀n ọ́n níwájú rẹ̀. Nínú agolo mẹ́jọ tí a bá tà, ọ̀kan jẹ́ afẹ́fẹ́. Tìṣà ní ó pé, jókòó.

Ẹ má rò pé ìyá mi lọ na ìdí agolo rẹ̀ padà. Kò nà án.

Kí ọdún náà tó parí, òjò rọ̀, ìyá mi yọ̀ ṣubú ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ikpoba Hill, ìbàdí rẹ̀ ò sì padà bọ̀ sípò. Èmi ni àkọ́bí. Kò sẹ́ni tó ní kí n kúrò níléèwé, èmi náà ni mo ká aṣọ iléèwé mi, mo fi dí ihò fèrèsé, mo sì lọ jókòó sí Oliha. Ní ọjọ́ Sátidé kejì, tìṣà dé iwájú edé mi.

"Ìgbà wo lò ń padà bọ̀?"

"Mi ò padà, mà."

"Ìdánwò ku oṣù méjì."

"Àwọn àbúrò mi ń jẹun lójoojúmọ́, mà. Wọn ò lè fi oúnjẹ sílẹ̀ fún oṣù méjì."

Mo gbé ojú mi sókè bó ṣe kọ́ mi, mi ò sunkún. Mo ti múra de ẹ̀bẹ̀. Mo ti ní ìdáhùn sí gbogbo ẹ̀bẹ̀. Kò bẹ̀ mí. Ó ki ọwọ́ bọ báàgì, ó yọ agolo rẹ̀ jáde, èyí tó tẹ́jú, ó gbé e sórí edé mi.

"O ò parí iṣẹ́ mi. Ẹni tí kò bá parí iṣẹ́ mi, mo máa ń fìyà jẹ ẹ́. Tìrẹ nìyí. Èyí ni wàá máa fi tà."

"Mà, wọ́n á jẹ mí tán. Wọ́n á ṣì máa béèrè jàrá."

"Má fún wọn."

"Ẹnikẹ́ni kì í tajà ní Bìní kó má fún wọn ní jàrá."

Ó tẹ orí sún mọ́ mi. "Ìwọ lo sọ nínú kíláàsì mi pé kí ẹni tí agolo ìyá rẹ̀ tẹ́jú dìde. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó yá, dìde."

Orí àpótí ni mo jókòó sí. Mo dìde. Mo fi agolo náà wọn edé fún un, dé etí géré, kò dín, kò lé. Ó gbà á, ó lọ. Kò wẹ̀yìn.

Láti ìgbà yẹn, agolo tẹ́jú ni mo fi ń tà, mi ò sì ń fún ẹnikẹ́ni ní ènì. Mi ò fún pásítọ̀ mi. Mi ò fún ìyá ọkọ mi, títí tó fi kú ló ń rò mí kiri ìdílé. Wọ́n ń pè mí ní ahun, mò ń dáhùn. Ẹni tó bá ń fẹ́ jàrá, mò ń na ìka sí ibi tí wọ́n ti ń fún un, màá ní, "Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ agolo wọn ni wọ́n ń fún yín lókè yẹn, ẹ lọ gbà á." Ọmọ mi obìnrin, tó gbọ́ Yorùbá tán àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ ò mọ̀ ju Pijin lọ, á ní, "Mummy, give dem small now." Mi ò give dem. Agolo àkọ́kọ́ ti dípẹtà, mo ti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, èyí tó wà níwájú mi báyìí ṣì tẹ́jú.

Ohun tí mo kọ padà sí alága nìyí: lóòótọ́, mi ò parí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ parí, ẹ ti gba ìwé yín, ẹ ti lọ. Ìyà tí tìṣà fi jẹ mí ni mo ṣì ń jẹ títí di àárọ̀ òní. Nínú gbogbo yín, ta ló tún kù tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀? Ẹ sì wá ra edé tí ẹ fẹ́ fi se ọbẹ̀. Mi ò ní fi ènì sí i.



Sátidé tó kọjá, tìṣà wá ra edé bó ṣe máa ń wá ní oṣooṣù. Irun rẹ̀ ti funfun, ó ti tún kúrú sí i, kò gbé rúlà mọ́ ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ṣì dà bí ẹni tó gbé e. Mo ní mo kọ nǹkan nípa yín, mà, wọn ò gbà á. Ó ní kí n kà á. Mò ń yí i sí Pijin bí mo ṣe ń kà á, ó dúró ní ìdúró, ó gbọ́ ọ tán.

"Omi ò wọ bàtà mi. Mo sún ẹsẹ̀."

"Ó wọ̀ ọ́, mà."

"Mo ní mo sún ẹsẹ̀."

"Ẹ ò sún un, mà." Ẹ̀yin náà rí i pé mi ò pa á rẹ́.

"Búrẹ́dì yẹn ńkọ́? Ìdọ̀tí ni."

"Ẹ ṣeun fún ìdọ̀tí, mà."

Ó gbójú kúrò lára mi, ó ń wo ẹja gbígbẹ aládùúgbò mi bí ẹni tó fẹ́ rà á. Nígbà tó yíjú padà sí mi, ó ní, "Sọ fún alága yín kó wá ṣe ìṣirò mẹ́ta fún mi lójú bọ́ọ̀dù kó tó tẹ ìwé kankan." Ó na ọ̀rá sílẹ̀. Mo wọn agolo kan fún un. Kò di ọ̀rá náà.

"Jàrá mi ńkọ́?"

Oṣooṣù ló ń béèrè rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ìdánwò ni tàbí ojúkòkòrò.

"Kò sí jàrá, mà."

"Èmi náà?"

"Agolo yín ni mo fi wọ̀n ọ́n, mà."

Ó di ọ̀rá rẹ̀. Mo wá jáde sí iwájú edé mi, mo fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ fún un láàárín ọjà, níbi tí gbogbo wọn ti ń wò.

"Dìde," ó ní. "Kí lo ṣe?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan, mà."

Mi ò dìde. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí ó fi kọjá àwọn aláta.